Ṣọkọ Yọ̀kọ̀tọ̀ Lórí Tábìlì Ìyàwó

Ọ̀rọ̀ òdòdó ni mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ti máa bi ara wọn léèrè pé kí ni ti òdòdó nígbà tí ata rodo ti gbówó lórí tó báyìí. Ẹ fara balẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó ló gbé òdòdó wá, nítorí pé arábìnrin kan fẹ́ yá owó tí ó ju agbára rẹ̀ lọ, ó sì bi mí kí ó tó tọwọ́ bọ ìwé.

Ìtòsí Aramọkọ ni arábìnrin náà ń gbé. Aṣọ ni ó ń rán, ṣùgbọ́n bí ó bá di ọjọ́ Sátidé, a máa bá àwọn ènìyàn ṣe gbọ̀ngàn lọ́ṣọ̀ọ́ fún ìgbéyàwó àti ìsìnkú, láti Ìjerò títí dé Ẹ̀fọ̀n Aláayè. Òdòdó oníke ni ó ti ń lò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní báyìí, àwọn ọmọ tí ń ti Èkó àti Ìbàdàn wá ṣe ìgbéyàwó nílé ń béèrè òdòdó tútù. Ó ti wo fídíò púpọ̀ lórí fóònù rẹ̀ nípa àwọn tí ń gbin róòsì ní Kenya, ó sì ti pinnu láti yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí ó wà, kí ó fi kọ́ ilé ọ̀rá sórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀, kí ó sì fi ra igi róòsì láti Jos. Ìbéèrè rẹ̀ kò gùn: “Ẹ̀yin ìyá wa, ṣé kí n yá owó yìí?”

Mo ti fún un lésì ní ìkọ̀kọ̀, ó sì gbà mí láyè láti sọ ọ́ níta, nítorí pé òun nìkan kọ́ ni èrò yìí wà lọ́kàn rẹ̀. Bí ó bá ṣe nítorí róòsì ni, kí ó má yá a. Bí ó bá ṣe nítorí òdòdó ni, owó tí ó ń pa nídìí aṣọ tó láti bẹ̀rẹ̀.

Mo fẹ́ràn róòsì bí ẹnikẹ́ni ti fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n igi tí ń fẹ́ òtútù òru ni. Adágún Naivasha, níbi tí àwọn ará Kenya ti ń gbìn ín jù, ga tó nǹkan bí mítà 1,880 ju ojú òkun lọ. Bí oòrùn bá tilẹ̀ mú ní ọ̀sán níbẹ̀, òru á tutù, igi róòsì á sì rọra na ọ̀pá rẹ̀ kí ó tó tanná. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pá rẹ̀ fi ń gùn tí orí rẹ̀ sì fi ń tóbi. Òkè Jos náà ga tó nǹkan bí mítà 1,200, ìyẹn ni róòsì fi ń ṣe dáadáa níbẹ̀. Àwa ará Èkìtì fẹ́ràn láti máa fi òkè wa yangàn, ẹni tí ó bá sì ti wakọ̀ láti Ìwárajà gun òkè wọ Ẹ̀fọ̀n ní òwúrọ̀ tí kùrukùru bolẹ̀ yóò rò pé òun ti dé ìlú òtútù. Síbẹ̀, Ẹ̀fọ̀n kò ga tó ìdajì Naivasha. Róòsì tí a bá gbìn síbẹ̀ yóò hù, yóò tilẹ̀ tanná, ṣùgbọ́n ọ̀pá rẹ̀ yóò kúrú. Bí òjò oṣù Kẹfà bá sì ti ń rọ̀ léraléra, àmì dúdú yóò bo ewé rẹ̀, àwọn ewé náà yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í re. Oògùn ni olóko yóò máa rà tí yóò máa fín sí i láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, pẹ̀lú owó tí ó ń san èlé lé lórí.

Ohun mìíràn tún wà tí fídíò kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn. Bí wọ́n bá ti gé róòsì ní Naivasha, yàrá tútù ni ó ń wọ̀. Láti yàrá tútù ó di inú ọkọ̀ tútù, láti inú ọkọ̀ ó di inú bàálù tí ń lọ sí Netherlands, níbi tí ọjà òdòdó ńlá kan wà ní ìlú Aalsmeer. Ní ọ̀dọ̀ wa, bí iná mànàmáná bá lọ ní ọjọ́ Ọjọ́rú, ta ni yóò máa da epo sí jẹnẹrétọ̀ nítorí róòsì títí di Sátidé?

Ẹ jẹ́ kí a yíjú sí ẹ̀yìnkùlé.

Àwọn kan a máa sọ pé Yorùbá kò mọ òdòdó, pé àṣà òyìnbó ni. Òtítọ́ ni pé àwọn baba wa kì í gé òdòdó sínú ife. Ara igi gbígbẹ́, aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀ ni wọ́n fi ọ̀ṣọ́ sí. Ẹni tí ó bá ti rí òpó tí Agbọ́nbíọ̀fẹ́ ará Ẹ̀fọ̀n, ẹni tí ó kú ní 1945, gbẹ́ sí ààfin Aláayè yóò mọ̀ pé ojú àwọn àgbà wọ̀nyẹn kò fọ́ sí ẹwà. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ ewé, wọ́n sì mọ ìtànná. Akòko ni a ń fi sórí ẹni tí a bá fi joyè, igi náà a sì máa yọ òdòdó aláwọ̀ àlùkò tí ó rọ̀ bí aṣọ àrán. Ẹ tilẹ̀ wo orúkọ náà: ìtànná, èyí tí ó tan iná. Igi kékeré kan wà tí a ń pè ní tannápowó. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti Gúúsù ni ó ti wá, ṣùgbọ́n orúkọ tí àwọn àgbà fún un bá ìwà rẹ̀ mu ju ti ibi tí ó ti wá lọ. Kì í ṣí ní ọ̀sán. Bí ó bá di nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, pupa, funfun, òféfèé, nígbà mìíràn lórí igi kan ṣoṣo, a sì máa ta sánsán títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ó tanná, ó ń pe owó. Àwọn mìíràn ń pè é ní tannápoṣó, pé oṣó ni iná náà ń pa. Owó tàbí oṣó, ẹ mú èyí tí ó bá wù yín. Kò ṣe é gé fún gbọ̀ngàn nítorí pé yóò ti pa ojú dé kí àlejò tó jókòó tán, ṣùgbọ́n ẹ gbìn ín sí abẹ́ fèrèsé yàrá yín, ẹ ó gbàdúrà fún mi.

Èyí tí ó ṣe é gé, tí ó sì yẹ kí arábìnrin wa fi bẹ̀rẹ̀, wà nínú ọbẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀fọ́ ṣọkọ yọ̀kọ̀tọ̀ ni. Celosia argentea ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ohun ọ̀gbìn fún un. Òdòdó kan sì wà tí wọ́n ń tà ní àwọn ìsọ̀ òdòdó ní Yúróòpù, tí orí rẹ̀ pupa fòò tí ó sì ká bí ogbe àkùkọ. Ẹ̀yà rẹ̀ mìíràn dúró ṣánṣán bí ìyẹ́ ẹyẹ. Celosia argentea náà ni. Àwọn tiwọn ti ń yan èyí tí orí rẹ̀ tóbi láti ọdún dé ọdún, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa ti ń yan èyí tí ewé rẹ̀ rọ̀ tí ó sì gbòòrò. Àwa ń já a kí ó tó yọ òdòdó, nítorí pé bí ó bá ti tanná, ewé rẹ̀ a di kíkorò, a sì fà á tu. Ìgbà tí àwa bá fà á tu gan-an ni àwọn yẹn ń bẹ̀rẹ̀ sí í gé e tà.

Ó ń fẹ́ oòrùn, kò sì bẹ̀rù ooru. Hóró rẹ̀ kéré, ó dúdú, ó ń dán. Ẹ po hóró náà mọ́ iyanrìn gbígbẹ kí ó má baà ṣù jọ sójú kan, ẹ fọ́n ọn sórí ebè pẹlẹbẹ tí ẹ ti da ìgbẹ́ adìyẹ tí ó ti jẹrà sí, kí ẹ sì rọra wọ́n omi sí i. Bí ó bá ti yọ ewé mẹ́rin, ẹ tú u gbìn ní ẹsẹ̀ bàtà kan síra. Láti ọjọ́ tí ẹ fọ́n ọn títí di ọjọ́ tí ẹ ó gé e tó nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Nítorí náà, ẹ má ṣe fọ́n gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta wà láàárín, kí òdòdó má baà pọ̀ ní Sátidé kan kí ó sì tán ní èkejì. Ẹni tí ó bá ń wo ìgbéyàwó oṣù Kejìlá, àárín oṣù Kẹsàn-án ni kí ó fọ́n tirẹ̀, kí òjò ìkẹyìn lè bá a tọ́ ọ. Bí ó bá di oṣù Kọkànlá, omi kànga ni yóò máa bù sí i ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Èyí tí kò bá tà, kí ó so ó rọ̀ ní ìdoríkodò níbi tí afẹ́fẹ́ wà tí oòrùn kò sì dé. Yóò gbẹ láìpàdánù àwọ̀ rẹ̀, yóò sì wúlò fún oṣù púpọ̀.

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín mi nígbà tí mo sọ pé kí a gbé ẹ̀fọ́ síwájú ìyàwó. Ewéko tí orúkọ rẹ̀ ń sọ pé kí ara ọkọ yọ̀kọ̀tọ̀! Bí a bá wá gbogbo ọgbà òyìnbó kiri, níbo ni a ti fẹ́ rí èyí tí ó yẹ tábìlì ìyàwó jù ú lọ?

Lẹ́yìn ṣọkọ, ewé ni. Àwọn tí ń to òdòdó níṣẹ́ mọ̀ pé òdòdó kì í pọ̀ tó ewé nínú ohun tí wọ́n bá tò. Níhìn-ín, ọlọ́rọ̀ ni wá. Pẹ̀rẹ̀gún tí a fi ń ṣe ọgbà yí ojúbọ ká ni àwọn ará Yúróòpù ń gbìn sínú ìkòkò ní ọ́fíìsì wọn. Ọjà ikòokò, èyí tí ewé rẹ̀ nà bí idà, ni wọ́n ń tò sí ẹ̀gbẹ́ àga ìjókòó. Ẹ gé orí pẹ̀rẹ̀gún tí ó ní ìlà òféfèé láàárín ewé, ẹ kì í bọ omi. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan yóò kọjá, kò ní rọ.

Ṣùgbọ́n ibi pẹ̀rẹ̀gún yìí ni mo ti fẹ́ kí arábìnrin wa dúró díẹ̀. Ó ní orí ilẹ̀ bàbá òun ni òun yóò gbìn sí. Bàbá ti dolóògbé. Àwọn ọmọkùnrin ilé wà níbẹ̀. Gbogbo wa mọ ohun tí pẹ̀rẹ̀gún jẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá: ààlà ni. Ó máa ń wà láàyè lẹ́yìn ẹni tí ó gbìn ín, ìdí nìyẹn tí a fi ń fi í pààlà. Ọmọbìnrin tí ó bá jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí ó sì to pẹ̀rẹ̀gún lọ gbọọrọ ní etí ilẹ̀ ẹbí kò ní rí ẹni tí yóò gbà á gbọ́ pé òdòdó ìgbéyàwó ni òun ń ṣe. Wọn yóò sọ pé ó ti gé tirẹ̀. Ẹjọ́ tí yóò bá dá sílẹ̀ lè pẹ́ ju ẹ̀yáwó náà lọ. Nítorí náà, kí ó kọ́kọ́ pe àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ jọ, kí ó fi ibi tí ó fẹ́ lò hàn wọ́n, kí ó sì jẹ́ kí àgbà kan nínú ẹbí wà níbẹ̀. Kí ó gbin pẹ̀rẹ̀gún rẹ̀ ní ìdì, ní àárín ọgbà, kí ó má ṣe gbìn ín ní ìlà sí etí. Ilé ọ̀rá tí ó fẹ́ fi owó ẹ̀yáwó kọ́ burú ju pẹ̀rẹ̀gún lọ ní ti èyí, nítorí pé òpó irin tí a fi kọnkéré rì mọ́lẹ̀ ni. Ṣọkọ kò fa irú ìjà bẹ́ẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni, ó ti kúrò nílẹ̀. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí ọ̀rọ̀ rí báyìí, pé ọmọ ni ọmọbìnrin náà í ṣe nínú ilé bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi kò fẹ́ kí ó lọ fi òdòdó wá ẹ̀tọ́ tí ó yẹ kí ó bá wọn jókòó sọ.

Ibì kan sì wà lórí ilẹ̀ náà tí ẹnikẹ́ni kò ní bá a dù: abẹ́ kókó. Ìwọ̀ oòrùn Èkìtì kún fún oko kókó tí ó ti dàgbà, tí òjìji rẹ̀ kò jẹ́ kí iṣu tàbí àgbàdo ṣe é gbìn sí abẹ́ rẹ̀. Òdòdó kan wà tí a ń pè ní heliconia. Ewé rẹ̀ jọ ti ọ̀gẹ̀dẹ̀, òdòdó rẹ̀ sì dà bí ẹnu odídẹ̀ púpọ̀ tí a tò léra, pupa pẹ̀lú òféfèé. Òun àti ìbátan atalẹ̀ kan tí orí rẹ̀ pupa, tí wọ́n ń pè ní Alpinia, fẹ́ràn òjìji díẹ̀ àti ilẹ̀ tí kì í gbẹ. Ẹ wo agbègbè Ìkógòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń ṣàn pàdé ara wọn, tàbí ẹ̀bá àwọn odò kéékèèké tí ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè Ẹ̀fọ̀n: irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́. Bí atalẹ̀ ni a ti ń gbìn wọ́n, nípa pípín gbòǹgbò. Ẹni tí ó bá gba gbòǹgbò mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ ní ọdún yìí yóò ní agbo ńlá kan ní ọdún kejì. Òdòdó wọn nípọn, ó sì lè lo ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú omi. Kò fẹ́ yàrá tútù. Òtútù tilẹ̀ ń sọ wọ́n di dúdú. Ṣé ẹ rí i bí ohun tí ó jẹ́ ìṣòro fún olóróòsì ṣe di èrè fún ẹlòmíràn?

N óò sọ̀rọ̀ nípa èyí tí ó lẹ́wà jù nínú gbogbo wọn, kí n sì kìlọ̀. Ní etí igbó àti ní ilẹ̀ ọ̀dàn, nígbà òjò, ẹ ó rí ewéko kan tí ń fi ṣóńṣó ewé rẹ̀ di igi mú láti gùn ún. Òdòdó rẹ̀ yí ìyẹ́ padà sókè bí ahọ́n iná, pupa lókè, òféfèé nísàlẹ̀. Àwọn kan ń pè é ní ewé ajé. Gloriosa superba ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Òun ni òdòdó orílẹ̀-èdè Zimbabwe, wọ́n sì ń gbìn ín nínú ilé gíláàsì ní Netherlands àti ní Japan láti gé e tà lówó gọbọi. Nílé wa, àdá ni a fi ń ṣán an. Ṣùgbọ́n olóró ni láti orí dé gbòǹgbò. Gbòǹgbò rẹ̀ lè jọ iṣu kékeré lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, májèlé tí ó wà nínú rẹ̀ sì lè pa àgbàlagbà. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbìn ín, kí ó yà á sọ́tọ̀ kúrò nínú oko oúnjẹ pátápátá, kí ó fọ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, kí ó má sì ṣe tò ó sórí tábìlì tí àkàrà òyìnbó tàbí oúnjẹ wà. Kí ó gbé e sókè, sí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò ti lè tó o.

Èmi kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré, nítorí ohun tí ojú wa rí ní àdúgbò wa. Igi kan wà tí a fi ń ṣe ọgbà káàkiri, tí òdòdó rẹ̀ jẹ́ òféfèé bí agogo kékeré, tí oje rẹ̀ funfun bí wàrà. Olómi-òjò ni wọ́n ń pè é. Ewúrẹ́ kì í jẹ ẹ́, ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi fẹ́ràn rẹ̀. Ó yẹ kí ohun tí ewúrẹ́ bá kọ̀ máa kọ wá lóminú. Ọmọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́rin kan fọ́ èso rẹ̀ nígbà tí ó ń ṣeré, ó sì jẹ inú rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti ń bì, ọkàn rẹ̀ sì ń lù díẹ̀díẹ̀, bí ìlù tí ó rẹ onílù. Ọpẹ́lọpẹ́ ìyá rẹ̀ tí ó mú ẹ̀ka igi náà dání lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà mọ ohun tí ó ń bá jà lójú ẹsẹ̀. Ọmọ náà ti ń lọ sí ilé ìwé báyìí. Wọ́n ti gé ọgbà náà, wọ́n sì ti gbin ixora sí ipò rẹ̀. Bí olómi-òjò bá wà ní ilé yín tí ọmọ kékeré sì wà níbẹ̀, ẹ gé e kí ẹ tó parí kíka ojú ìwé yìí. Bí ó bá sì ṣẹlẹ̀ pé ọmọ jẹ ẹ́, ẹ má dúró ti epo pupa tàbí wàrà. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ, ẹ mú ewé rẹ̀ dání.

Ixora tí mo dárúkọ yìí kò ní wàhálà. Òun ni àwọn ilé ìwé míṣọ́nnárì àtijọ́ gbìn sí ẹ̀bá ọ̀nà, láàárín òkúta tí a fi ẹfun kùn, tí àwọn ọmọ ilé ìwé sì ń bomi rin ní kùtùkùtù. Ẹni tí kò bá fa òdòdó rẹ̀ yọ mu oyin ìdí rẹ̀ rí kò lọ sí ilé ìwé. Hibiscus dára ní ọgbà, ó sì jẹ́ ìbátan ìṣápá tí a fi ń se ọbẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan péré ni òdòdó rẹ̀ ń lò kí ó tó ká. Ẹ má gé e fún oníbàárà. Ìdò, pẹ̀lú hóró rẹ̀ tí ó le bí ọta, bákan náà.

Ti bougainvillea, ẹlẹ́gùn-ún tí ń gun ògiri, ó ní ìtàn kan tí mo fẹ́ràn. Ohun tí a ń pè ní òdòdó rẹ̀, ewé ni. Òdòdó gan-an ni èyí tí ó funfun tí ó kéré ní àárín. Ní 1767, onímọ̀ ewéko ará Faransé kan tí ń jẹ́ Philibert Commerson rí i ní Brazil nígbà tí ọkọ̀ ojú omi wọn ń lọ yí ayé ká, wọ́n sì fi orúkọ ọ̀gá ìrìn àjò náà, Bougainville, sọ ọ́. Ara Commerson kì í dá, ẹsẹ̀ a máa dùn ún. Ẹni tí ń bá a gun òkè tí ó sì ń ru ẹrù ewéko ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kì í sinmi. Obìnrin ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Jeanne Baret ni orúkọ rẹ̀. Ó múra bí ọkùnrin nítorí pé òfin kò gba obìnrin láàyè nínú ọkọ̀ ọba. Òun ni a kà sí obìnrin àkọ́kọ́ tí ó yí ayé ká. Ọ̀gá ọkọ̀ ni òdòdó ń jẹ́.

Ó ku bí a ti ń tọ́jú èyí tí a bá gé. Kùtùkùtù ọjọ́ Ẹtì, kí oòrùn tó là, ni kí ẹ gé e, ẹ gbé korobá omi dání wọ inú ọgbà. Ọ̀bẹ mímú ni kí ẹ lò, kí ẹ gé ìdí rẹ̀ ní ìdagẹ̀rẹ̀ kí ó lè mu omi dáadáa. Ẹ já gbogbo ewé tí yóò bá wọ inú omi, nítorí pé òun ni í jẹrà tí í sì ń rùn. Ẹ gbé korobá sí yàrá tí ó dúdú tí ó sì tutù jù ní ilé títí di àṣálẹ́, kí òdòdó lè mu omi yó kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó. Ẹ má gbé e sí yàrá tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n wà o. Èso tí ó bá ń pọ́n máa ń tú afẹ́fẹ́ kan jáde tí ń mú kí òdòdó tètè gbó. Mo mọ alásè kan tí ó gbé gbogbo rẹ̀ sínú yàrá kan náà, tí ó sì ń bú ẹni tí ó ta òdòdó fún un.

Ní ti iye owó, èmi kò ní bá a dá a, ṣùgbọ́n kí ó gba ìdajì kí ó tó gé ohunkóhun. Òdòdó oníke tí oníbàárà bá kọ̀, ó lè kó o padà sínú àpò. Tútù kò ní àpadàsí. Kí ó sì má tíì ju oníke nù. Àwọn oníbàárà kan yóò ṣì fẹ́ ẹ, owó wọn kò sì burú. Kìkì pé kí ó máa kó o kúrò lórí ibojì lẹ́yìn ìsìnkú. Ẹni tí ó bá mọ bí ilẹ̀ Ẹ̀fọ̀n ti dà gẹ̀rẹ̀ tó mọ ibi tí àgbàrá ń gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn àríyá, kí ó padà lọ kó àwọn ife rẹ̀. Pẹ̀rẹ̀gún tí ó ti lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan nínú omi lè ti yọ gbòǹgbò funfun. Kí ó má ṣe dà á nù. Kí ó rì í sínú ọ̀rá dúdú tí erùpẹ̀ wà nínú rẹ̀, kí ó gbé e sí abẹ́ òjìji, kí ó sì tà á fún ìyá ìyàwó ní oṣù kejì.